Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Ń Mu Iná

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń bẹ tó ń lé e. Wọn kò sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ tó jókòó sójú kan tó ń ké nínú ọyẹ́. Bóyá wọn kò rí irú rẹ̀ rí ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Àjàmú rí i. Ẹ̀yìnkùlé ọmọ wọn, Surajudeen, ní Bódìjà ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, níbi tí ilẹ̀ ti tutù nígbà tí gbogbo koríko Ìbàdàn ti gbẹ, tí ètè olúkúlùkù ń là bí ògiri tí wọn kò rẹ́ dáadáa. Àgbẹ̀ ni bàbá. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti ń ké nínú ọyẹ́, omi wà níbẹ̀, àti pé omi ọ̀hún, kì í ṣe òjò ló rọ̀ ọ́.

Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ọ̀pọ̀lọ́ náà. Ó fò díẹ̀, ó tún padà.

"Lọ síbòmíràn, jàre," ni bàbá wí fún un. "Àbí ìwọ lo fẹ́ tú àṣírí mi?"

Nínú ilé, Surajudeen tún ti ń pariwo iná.

Ẹ jẹ́ kí n là á kó yé wa. Iná tí wọ́n ń lò ní àdúgbò yẹn, bí ẹni ń ra epo ìdáná ni. O ó rà á, wàá tẹ nọ́ńbà sínú mítà tó wà lára ògiri, iye tí o rà yóò hàn lójú mítà, á sì máa dín kù bí o ti ń lò ó. Nígbà òjò, èyí tí Surajudeen bá rà máa ń gbé wọn dé ìparí oṣù. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, kò gbé wọn dé ìdajì mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Surajudeen, ní Sẹkitéríàtì. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò ni. Ọ̀rọ̀ yìí wá wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà tí eèrùn bá wọ ṣòkòtò ènìyàn. Ó bá gílóòbù jà, ó yọ gbogbo wọn, ó fi èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ sí i. Ó gbé áyọ́ọ̀nù pamọ́ sínú yàrá rẹ̀, ló bá di pé ẹni tó bá fẹ́ lọṣọ yóò tọrọ ààyè bí ẹni tọrọ ìyàwó. Kódà iná pupa kékeré tó máa ń wà lára tẹlifíṣọ̀n, ó ní olè ni, ó yọ wáyà rẹ̀.

"Shukurat! Ta ló fi iná balùwẹ̀ sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Mojeed," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná. "Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn níbẹ̀. A ṣì ń gbóòórùn ọṣẹ yín."

"Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ gidi, o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń dúró wo mítà bí ẹni tó ń retí kí adìẹ pamọ, ṣé ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn?"

Bàbá Àjàmú rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n fẹ́ràn ìyàwó yìí. Àbẹ̀ḿbí ni wọ́n máa ń kì í. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní abà wọn lójú ọ̀nà Àkànrán wá sọ́dọ̀ ọmọ, Shukurat kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé onílé ni àwọn wà. Ẹja yìnyín ló ń tà, kótè àti pánlá, pẹ̀lú itan adìẹ, nínú ìsọ̀ kékeré tó wà lẹ́bàá géètì. Fírísà kan ló ní. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún un kí ìyá tó kú. Nínú gbogbo ẹja tó bá sè nílé, orí rẹ̀ kì í kọjá abọ́ bàbá. "Orí ẹja, ti olórí ilé ni," á wí bẹ́ẹ̀, á kúnlẹ̀, á gbé e kalẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá pe ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Surajudeen, nínú gbogbo ohun tó ń jẹ iná nínú ilé yìí, èwo ni àgbà wọn?"

"Ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú kànga ni, Bàbá. Bó bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó lè bá a du iná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun." Ó nawọ́ sókè. "Ẹ wo tánkì lórí òpó irin yẹn. Bómi ibẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á tan ara rẹ̀. Bó bá kún, á pa ara rẹ̀. Mo ti gùn ún wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹni tí tánkì rẹ̀ kún, ẹ̀rọ rẹ̀ ń sinmi ni."

Bàbá Àjàmú gbójú sókè wo tánkì. Lábà, bí ìkòkò bá là nídìí tí omi inú rẹ̀ kò sì dín, kì í ṣe ìkòkò ni a ń wò. Ẹni tó ń pọn omi sí i ni a ń wá, nítorí ẹni náà yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sọ́nà odò. Ẹ̀rọ Surajudeen kò sì ní ohùn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, ó ń pọn omi, kò ké, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó mú kí bàbá mọ̀, tí ọmọ kò fi mọ̀, nìyí.

Nígbà tí wọ́n bí Abdulmojeed, Mojeed tí a ń wí yìí, tí ìwọ́ rẹ̀ já, Shukurat di ìwọ́ náà sínú òwú, ó gbé e fún bàbá ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun rì í bí àwọn àgbà ti ń rì í. Ní ìdílé Àjàmú, a kì í ri ìwọ́ ọmọ kí a má gbin igi lé e. Ọmọ tí kò ní igi, wọ́n ní kì í mọ ibi tí yóò padà sí. Surajudeen ní, "Bàbá, ẹ gbé e lọ sábà. Páìpù tó ń gbé omi láti tánkì wọlé gba ẹ̀yìnkùlé yìí kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọkọ́ débẹ̀." Ṣùgbọ́n abà jìnnà. Àti pé, kí ni ká fi pamọ́, bàbá fẹ́ máa jí rí igi ọmọ ọmọ wọn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí gbogbo ilé lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkè-Àdó, wọ́n gbé ọkọ́. Ìgbà tí ọkọ́ kẹ́yìn balẹ̀, ó dún kò, omi sì ta sí wọn lójú.

Ẹni tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lóko kì í pe ẹlòmíràn nítorí ohun tó là. Bàbá wá rọ́bà táyà, wọ́n fi wé páìpù náà, wọ́n fún un, wọ́n tún wé e, bí wọ́n ti máa ń wé ọwọ́ ọkọ́ tó là. Omi dúró. Wọ́n da ilẹ̀ bò ó, wọ́n ri ìwọ́ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lé e lórí. Nígbà tí Surajudeen dé tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá! Páìpù ńkọ́?"

"Mo ti wo ọ̀nà páìpù," ni bàbá wí. "N kò dé ibẹ̀ rárá."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ju gbólóhùn méjì lọ. Àfi bíi pé wọ́n gbé òkúta mì. Rọ́bà di omi náà mú títí òjò fi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí oòrùn mú, ó jẹrà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tútù yọ̀yọ̀ lásìkò tí ewé gbogbo ń já. Ó yọ ọmọ nínú ọyẹ́. Àwọn aládùúgbò ń wò ó láti orí ògiri, wọ́n ń ní, "Bàbá, ọwọ́ yín dára o!" Bàbá á ní, "Ọlọ́run ni." Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún kò mọ̀ pé ohun tó dùn ní ń pani.

Kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n la ẹnu. Ṣùgbọ́n láti sọ pé páìpù ń jò, wọn ó sọ pé àwọn purọ́. Láti tún un ṣe, a ó hú igi ọmọ, a ó da ibi tí ìwọ́ rẹ̀ wà rú. Wọ́n sì pa ẹnu dé. Wọ́n ní tó bá dọ̀la.

Nígbà tó dọ̀la, Surajudeen ti mú ẹlòmíràn.

"Fírísà ni," ló wí lórí oúnjẹ àárọ̀. "Mo ti yẹ gbogbo nǹkan wò, òun ló kù. Tọ̀sántòru ló wà lórí iná."

Shukurat gbé ṣíbí sílẹ̀. "Fírísà tó wà níbí kí n tó lóyún Mojeed? Tí kò jẹ iná nígbà yẹn, ìsinsìnyí ló wá ń jẹ ẹ́?"

"Ó ti darúgbó. Ohun tó bá darúgbó máa ń jẹun ju bó ti yẹ lọ."

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá gbọ́ yín o," ni Shukurat wí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti abọ́ ẹ̀kọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n fi ọjọ́ Jímọ̀ ṣe ìdánwò. Shukurat ta ẹja rẹ̀ ní pọ̀ọ́kú, ó kó ìyókù sínú fírísà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjà Bódìjà, ó yọ wáyà. Ohun tí Bàbá Àjàmú ṣe lọ́jọ́ yẹn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni òun ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí Surajudeen ti lọ sí ibi iṣẹ́, tí Shukurat pọn ọmọ lọ sí ìsọ̀, wọ́n pọn omi kún gbogbo korobá tó wà nílé, wọ́n lọ sábẹ́ tánkì, wọ́n yí kọ́ọ̀kì rẹ̀ pa kí omi má lè sọ̀kalẹ̀ wọ páìpù mọ́. Wọ́n rò ó pé bí mítà bá sinmi díẹ̀ lónìí, ọkàn Surajudeen yóò balẹ̀, àwọn yóò sì wá ọgbọ́n dá sí páìpù. Ọ̀rọ̀ ìdánwò ti fírísà, ó yọ kúrò lọ́kàn wọn bí ẹní gbàgbé fìlà síbi tó jókòó sí. Ẹlẹ́bi kì í ronú ju ẹ̀bi ara rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Surajudeen ti ìrun Jímọ̀ dé, ojú mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá.

"Mo ti mú olè!" ló kígbe. Ó pàtẹ́wọ́. "Shukurat, wá wò ó! Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run!"

Bàbá dìde. Wọ́n wo Shukurat bó ti tẹjú mọ́ mítà. Wọ́n ń retí kó jà, kó fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe. Kò jà. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Mojeed, ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé èmi ni mò ń jẹ yín run, tí mo tún ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀." Ó yí sí Bàbá Àjàmú. "Bàbá mi, ẹ̀yin náà ẹ dárí jì mí. Ojoojúmọ́ lẹ ń gbọ́ ariwo lórí ọ̀rọ̀ mi."

"Dìde, Àbẹ̀ḿbí," ni bàbá wí. "Dìde, mo ní kí o dìde."

Ìgbà tí wọ́n lọ yí kọ́ọ̀kì tánkì sílẹ̀ lálẹ́ kí ilé lè rí omi, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Shukurat fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ta fírísà. Ó ní tí òun bá tún rí owó iṣẹ́ mìíràn, òun ó máa ta aṣọ ọmọdé. Ẹnu ló fi sọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Prosper, tó máa ń ra irinṣẹ́ àlòkù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, ló fi ọjọ́ Àìkú dá wọn lóhùn. Kó tó dé, Shukurat se ẹja tó kù, ó bu oúnjẹ bàbá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Orí kótè ńlá wà lórí rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ó lè jẹ́ òun la máa rí kẹ́yìn, Bàbá. Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa." Ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó. "Ìyá mi ló ra fírísà yẹn fún mi. Wọ́n ní obìnrin tó ní ohun tó ń tà kì í tọrọ iyọ̀. Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí i. Mo rí i lójú yín láti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ kò bá wọn dá mi lẹ́bi."

Ó dìde, ó lọ. Bàbá Àjàmú wo orí ẹja, orí ẹja wo bàbá. Wọn kò lè fọwọ́ kàn án.

Prosper dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù àti ẹnìkejì rẹ̀. Ó ṣí fírísà, ó tì í, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. "Mama Mojeed, dis one still strong o," ló wí. "Kí ló dé tí ẹ fẹ́ tà á?"

"Ó ń jẹ iná," ni Shukurat wí.

"Èyí? Ah. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Wọ́n gbé e. Ó wúwo. Wọ́n ń fà á kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn ìsọ̀, Surajudeen ń darí wọn, "ẹ rọra, ẹ rọra," nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró lẹ́yìn ilé. Gbì. Gbì. Ìró ọkọ́.

Surajudeen ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀, Shukurat tẹ̀lé e pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà nílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kéékèèké tí kò tíì gbó. Bàbá Àjàmú dúró sínú ihò, wọ́n bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, wọ́n ń gbẹ́.

"Bàbá! Igi Mojeed nìyẹn! Kí lẹ ń ṣe?"

"Ẹ gbé fírísà yẹn kalẹ̀," ni bàbá wí. Wọn kò dá ọkọ́ dúró.

"Bàbá, ṣé ara yín dá?"

"Mo ní ẹ gbé e kalẹ̀!"

Ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Bàbá ju ọkọ́ nù, wọ́n fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀ náà títí wọ́n fi kan rọ́bà dúdú tó ti jẹrà. Wọ́n fà á. Omi tú jáde pẹ̀lú agbára, ó kún ihò náà dé kókósẹ̀ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀lọ́ kan fò jáde, ó gba àárín ẹsẹ̀ Surajudeen kọjá.

Surajudeen wo omi. Ó gbójú sókè wo tánkì. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Lọ́jọ́ tí mo gbìn ín ni," ni bàbá wí. "Ọkọ́ mi ló là á. Mo wé e, mo sì sọ fún ọ pé n kò dé ibẹ̀. Mo dé ibẹ̀, Surajudeen. Irọ́ ni mo pa fún ọ."

Baba ẹni ni baba ẹni. Kí ni ọmọ yóò sọ? Shukurat ló sọ̀rọ̀. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń bi ọmọdé léèrè.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́, Bàbá? Ọjọ́ tí mítà kò yí?"

Bàbá Àjàmú lè dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn ìyókù kò mọ̀. Wọ́n wo obìnrin náà, wọ́n rí i pé kì í ṣe pé ó fẹ́ mú àwọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun jẹ̀bi lóòótọ́ ni.

"Èmi ni mo ti kọ́ọ̀kì tánkì lọ́jọ́ náà," ni wọ́n wí. "Fírísà rẹ kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Shukurat gbọ́ ọ. Ó yí padà, ó fa òjá ọmọ rẹ̀ le, ó wọlé lọ.

Prosper yọjú láti igun ilé. "Ẹ jọ̀ọ́ o, ṣé ká gbé e padà ni? Torí apá ti ń dùn wá."

Surajudeen ra páìpù tuntun ní ọjà Bódìjà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tún un ṣe, kò bá baba rẹ̀ sọ ju "ẹ fún mi ní ọ̀bẹ yẹn" lọ. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé gbẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ kó lọ. Mítà padà sí bó ti ń ṣe nígbà òjò, fírísà sì padà sí ipò rẹ̀. Ògiri kan ló wà láàrin rẹ̀ àti yàrá bàbá. Bí wọ́n bá sùn, wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń kùn, wúù, wúù, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tí kò tíì sọ tẹnu rẹ̀ tán.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́bi tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bóyá fún ẹni tó tètè kúnlẹ̀ ni. Shukurat ń gbé oúnjẹ wá, ó ń kúnlẹ̀, ó ń wí pé "ẹ jẹun o, sà." Sà! Ẹni tó ń jẹ́ "Bàbá mi" tẹ́lẹ̀. Àárín ẹja ló ń wà lórí oúnjẹ náà, ẹran rẹ̀ pọ̀, kò sí egungun. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò tọ́jú bàbá. Ṣùgbọ́n orí ẹja kò wá mọ́, bàbá kò sì bèèrè.

Bàbá ti fi ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó kù nídìí igi náà sínú àpò ìrẹsì, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn kò ní ojú láti gbìn ín. Wọ́n rí i pé àpò náà kì í gbẹ, àmọ́ àwọn kọ́ ló ń bomi sí i.

Àárọ̀ kan báyìí, tí ìkùukùu ọyẹ́ ṣì bo òpópónà, Shukurat jáde sẹ́yìn ilé. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú abọ́ kan lọ́wọ́, ilẹ̀ dúdú kún inú rẹ̀. Bàbá mọ ilẹ̀ náà. Ibi tí ìwọ́ ọmọ wà ló ti bù ú, kí Surajudeen tó dí ihò ọjọ́ yẹn.

"Ẹ gbé ọkọ́ yín," ló wí.

Bàbá gbé e. Shukurat rìn lọ sí igun ògiri lọ́hùn-ún, ibi tí kò sí páìpù, tí kò sí wáyà, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ fa ilà sórí ilẹ̀.

"Ibi tí mo fa ilà sí yìí ni. Ẹ má kọjá rẹ̀. Èmi ni mo ń wò yín."

"Mo gbọ́, Àbẹ̀ḿbí."

Kò dáhùn oríkì náà. Ṣùgbọ́n kò kọ̀ ọ́. Ó dúró síbẹ̀, abọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ń fa etí rẹ̀. Bàbá Àjàmú, ẹni tó ti kọ ebè láti kékeré, tí kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí ibi tí ọkọ́ yóò balẹ̀ sí, gbé ọkọ́ sókè, wọ́n wo ojú Shukurat, kí wọ́n tó jẹ́ kó balẹ̀. Wọ́n tún gbé e sókè. Wọ́n tún wo ojú rẹ̀.